Ọkọ̀ Àlọ, Ọkọ̀ Àbọ̀: Kí ni Àtúnṣe Ọkọ̀ ń Sọ Èrò Dà?

Bí ènìyàn bá dúró ní etí èbúté Kútọnu ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun kan bá gúnlẹ̀, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ rí. Èkíní ni pé ọkọ̀ náà ga ju ilé alájà lọ. Èkejì ni pé àwọn èrò tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ilẹ̀. Wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á lọ wo Ganvié lórí omi, tàbí kí wọ́n lọ sí Ouidah. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti padà sínú ọkọ̀ wọn, níbi tí oúnjẹ, orin àti ibùsùn ti ń dúró dè wọ́n. A máa ń bi ara wa léèrè nínú ẹgbẹ́ wa pé kí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ṣe lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n a rò pé ọ̀kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: kí ni ọkọ̀ náà ń fi èrò tí ó gbé ṣe?

Ìdí tí a fi gbé ìbéèrè yìí dìde nísinsìnyí kò jìnnà. Ìjọba ilẹ̀ wa ti fi ọkọ̀ kan sínú ètò ńlá tí a ń pè ní La Marina ní etí òkun Ouidah. Ọkọ̀ yìí, tí a pè ní « Bateau du Départ », ni a gbé kalẹ̀ ní àwòrán àwọn ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ẹrú. A kò kàn án fún ìrìn. Ìwòran ni a kàn án fún. Kí á tó lè sọ bóyá ó dára tàbí kò dára, a ní láti ní òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tí àwa mú wá nìyí: gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí ọkọ̀, gbogbo ohun ìgbádùn tàbí ohun ìwòran tí a bá fi kún un, ni ó ní irú ènìyàn kan lọ́kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n àtúnṣe náà, kí ó wo ohun tí ó sọ èrò dà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fi iṣẹ́ yìí ṣe òwò. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan a máa ná àwọn tí ó ni ín ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là, òmíràn sì ń kọjá bílíọ̀nù kan. Ohun tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jù nù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ní ọdún mélòó kan síra wọn, wọ́n á mú ọkọ̀ náà lọ sí ibùdó àtúnṣe, wọ́n á fa omi gbẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ lọ́sàn-án lóru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan á máa ha ìdí ọkọ̀, wọ́n á máa kùn ún, wọ́n á máa yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn á máa tú yàrá àti gbọ̀ngàn inú rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n tó tún un tò. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Royal Caribbean ná mílíọ̀nù 115 dọ́là lórí Navigator of the Seas, tí ó ti ń rìn láti 2002, ó sì ná mílíọ̀nù 165 lórí Oasis of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ilé-iṣẹ́ MSC tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2014 àti 2015, wọ́n gé ọkọ̀ wọn mẹ́rin sí méjì ní ìlú Palermo ní Ítálì, wọ́n fi abala tuntun tí ó gùn tó mítà 24 há àárín wọn, wọ́n sì jó wọn pọ̀ padà. Iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba nǹkan bí 200 mílíọ̀nù yúrò.

Kí ni wọ́n ń fi kún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí? Yàrá sí i, ilé oúnjẹ sí i, ilé ọtí sí i, àti àwọn ibi tí ènìyàn ti lè fi ìdí yọ̀ nínú omi láti òkè dé ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Owó tí èrò san kí ó tó wọkọ̀ kọ́ ni gbogbo èrè. Ohun tí ó ń rà nígbà tí ó bá wà nínú ọkọ̀ jẹ́ apá ńlá nínú rẹ̀. Ohun ìgbádùn tuntun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan sí i tí èrò kò fi ní sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń kún fún ohun ìwòran tó, bẹ́ẹ̀ ni èbúté ń di àwòrán tí a ń wò láti ojú fèrèsé. Èrò tí irú àtúnṣe yìí ní lọ́kàn ni ẹni tí ń jẹ, tí ń rà, tí kò sì ní ohun kan láti bá ará èbúté sọ.

Kí á má ṣe sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Àtúnṣe ń gba ẹ̀mí là pẹ̀lú. Òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀, tí apá kan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2010, fi dandan lé e pé kí a yọ àwọn ohun tí iná lè tètè ràn mọ́ kúrò nínú ọkọ̀ èrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò lè ṣe é ni ó kúrò lójú òkun. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ka èrò sí ẹlẹ́mìí, a kò sì rí àbùkù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe a tún máa nu ìrántí nù. Ní oṣù kejì 2013, iná sọ ní yàrá ẹ̀rọ ọkọ̀ Carnival Triumph ní òkun ẹ̀bá Mẹ́síkò. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 4,000 wà lórí omi fún ọjọ́ mélòó kan láìsí iná tí ó tó, tí ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ́ ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Ní 2019, wọ́n ná 200 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọkọ̀ kan náà, wọ́n fi ilé oúnjẹ àti ibi ìṣeré omi kún un, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Carnival Sunrise. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lónìí lè má mọ̀ láé pé òun ń sùn nínú ọkọ̀ tí gbogbo ayé fi ṣe ìròyìn nígbà kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí ó ti lè dà bí ẹni pé ó jìnnà, nítorí pé ilẹ̀ wa ní àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bá. Kí bàálù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ ni ó gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Àwọn arákùnrin wa ní Nàìjíríà kò gbàgbé Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàrin Liverpool àti Èkó ní 1951. Àwọn tí ó kàwé ní Dakar kò gbàgbé Ancerville, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Paquet, tí a kàn ní Saint-Nazaire, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962 láàrin Marseille àti Dakar. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná etíkun wa nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, ètò inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ fún èrò irú ẹni tí a kà á sí. Àwọn kan wà ní yàrá ipò kìíní, àwọn kan wà ní ipò kejì, àwọn mìíràn sì ń sùn lórí pákó ìta ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ méjèèjì yìí gbà parí ayé wọn yàtọ̀ síra. A ta Aureol ní 1974. Ó yí orúkọ padà sí Marianna VI, ó di ilé ibùwọ̀ lórí omi ní Jeddah, a sì tú u wó ní Alang ní ilẹ̀ Índíà ní 2001. Àwọn ará Ṣáínà ni ó ra Ancerville ní 1973, wọ́n sì sọ ọ́ ní Minghua. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú un lọ sí Shekou, lẹ́bàá Shenzhen, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìtura àti ibi ìgbafẹ́. Nígbà tí Deng Xiaoping bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kìíní 1984, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tí a fi ń pe ibẹ̀ títí di òní, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ayé Orí Òkun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí etí òkun láti fi gba ilẹ̀ kún ilẹ̀, títí tí ilẹ̀ fi yí ọkọ̀ náà ká. Ancerville tí a mọ̀ sí ọkọ̀ Dakar wà níbẹ̀ di òní, láàrin ilé gíga àti ilé oúnjẹ, òkun sì ti jìnnà sí i.

A kò fi èyí ṣe ẹ̀sín. Àtúnṣe ni ó gba Ancerville lọ́wọ́ ohun tí ó ṣe Aureol. Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ pé èwo ni ó yàn, yóò ní kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ sàn ju kí ó di irin àlòkù. Síbẹ̀, kí á sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí: èrò di àlejò ilé ìtura. Ẹni tí ó sùn nínú ọkọ̀ náà kò lọ sí ibì kankan, kò sì fi ibì kankan sílẹ̀. Ohun tí ó sọ ọkọ̀ di ọkọ̀, èyíinì ni pé ó so ìlú kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ni a yọ kúrò. Ara rẹ̀ nìkan ni ó kù. Kò burú fún ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí a fẹ́ sọ di ohun ìwòran bá jẹ́ ọkọ̀ ẹrú ńkọ́?

Níhìn-ín ni a ní láti rántí pé ọkọ̀ ẹrú fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọkọ̀ tí a kàn fún ẹrú. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, tàbí tí ó bá ti dé etíkun wa, káfíńtà inú ọkọ̀ ni a ó ké sí. Yóò fi pákó tẹ́ pèpéle sí àgbédeméjì ihò ọkọ̀, kí a lè to ènìyàn sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yóò fi pákó kọ́ ògiri sí orí ọkọ̀, kí àwọn atukọ̀ lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n sì máa yìnbọn láti ibẹ̀ bí àwọn ìgbèkùn bá dìde. Wọn a ta àwọ̀n yí etí ọkọ̀ ká, kí ẹni tí ó bá yan ikú nínú omi má lè bẹ́. Bí wọ́n bá sì ta àwọn ènìyàn náà tán ní òkè òkun, káfíńtà á tú pèpéle rẹ̀, a ó sì kó ṣúgà tàbí kọfí sí àyè wọn lọ sí Yúróòpù. Pákó díẹ̀, ìṣó díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan: ohun tí ó sọ èrò di ẹrù kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1788, àwọn tí ń jà kí òwò ẹrú dópin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwòrán ọkọ̀ Brooks ti Liverpool jáde. Àwòrán náà fi hàn bí a ṣe lè to ènìyàn 454 sínú rẹ̀, iye tí òfin tuntun ìgbà náà gbà. Ṣáájú òfin yìí, ọkọ̀ kan náà ti kó ènìyàn 609 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán yẹn ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti inú ìwé ìtàn. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá fún òmìnira, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan. Láti òkè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ń wò ó dúró síbi tí kò sí ìgbèkùn kankan tí ó lè dúró sí, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì rí bákan náà, wọn kò ní ojú, wọn kò ní orúkọ, wọn kò ní èdè.

Nítorí náà, a kí ètò ọkọ̀ Ouidah kú iṣẹ́ ní apá yìí. Bí a bá lè wọ inú ọkọ̀, tí a lè tẹ orí ba lábẹ́ pèpéle, tí a lè fi ara wa mọ bí àyè ti há tó, a ó ti kúrò ní òkè níbi tí àwòrán Brooks fi wá sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún jókòó ní ibi tí kò ti lè nàró yóò mọ ohun tí olùkọ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ fún un. Láti Ouidah nìkan, àwọn ènìyàn tí a kó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Láti 1995 ni Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ti dúró ní etí òkun ibẹ̀, ó sì yẹ ní ìbọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ni, a kàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ọkọ̀ ń béèrè pé kí á dúró.

Àbùkù mẹ́ta ni a rí nínú ètò náà, a ó sì sọ wọ́n láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ. « Départ » jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń kà lára pátákó ní ibùdókọ̀ rélùwéè àti ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó dágbére fún ẹbí rẹ̀, ni ó ń ṣe départ. Nínú èdè wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó gbéra àti ẹni tí a gbé kò fara sin. Àwọn tí ó wà nínú ihò ọkọ̀ kò gbéra lọ sí ibì kankan. A gbé wọn ni. Nígbà tí a fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà fún ìwé ìròyìn wa, a kọ́kọ́ kọ Ọkọ̀ Àlọ. Kíá ni ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ àlọ ń retí àbọ̀. Bí orúkọ kan kò bá ṣeé túmọ̀ sí èdè àwọn tí a kó lọ láì-di irọ́, ó yẹ kí á tún orúkọ náà rò.

Èkejì ni àyíká rẹ̀. Nínú ètò La Marina, ilé ìtura ńlá wà pẹ̀lú ọkọ̀ náà, ọgbà ìrántí wà, ibi ìnàjú sì wà. A kò sọ pé kí àlejò má sùn, tàbí kí ó má jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ Ouidah nílò iṣẹ́, a kò sì ní fi ìbànújẹ́ dí ẹnu ọ̀nà oúnjẹ wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ojú kan náà ni ènìyàn fi ń wo gbogbo ohun tí ó bá wà nínú ọgbà kan. Bí èrò bá ti inú adágún ìwẹ̀ bọ́ sí inú ihò ọkọ̀, tí ó sì ti inú ihò ọkọ̀ bọ́ sí ìdí oúnjẹ, ihò ọkọ̀ náà yóò di ohun ìwòran kẹta ní ọ̀sán kan. Ọgbọ́n àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ nìyí gan-an: kí ohun kan máa tẹ̀ lé òmíràn kíákíá, kí ọkàn má baà sinmi. Káfíńtà àtijọ́ sọ èrò di ẹrù. Kí á má ṣe jẹ́ kí káfíńtà òde òní sọ ọmọ ẹrù náà, tí ó wá wo ibi tí a ti kó ìyá rẹ̀ lọ, di oníbàárà.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí irú àlejò tí a ń retí ti yí padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2024, ilẹ̀ Benin ṣe òfin tí ó gbà kí àwọn àtìrandíran àwọn tí a kó lẹ́rú di ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá wá láti Bahia, láti Martinique tàbí láti Alabama lè máa bọ̀ wá bí ọmọ onílé. Ẹ ronú nípa Kòsọ́lá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá tí a gbé kúrò ní Ouidah ní 1860 nínú ọkọ̀ Clotilda. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni Clotilda tẹ́lẹ̀ rí. Àwọn nǹkan bí 110 ni ó kó dé Mobile ní Alabama, nígbà tí òfin ti dá òwò náà dúró tipẹ́tipẹ́, àwọn tí ó rán an sì dáná sun ún kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rí. Ní 2019 ni a kéde pé a ti rí òkú rẹ̀ lábẹ́ omi odò. Bí ọmọ-ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé Ouidah, kí ni a fẹ́ kí ó bá pàdé? Ó ti mọ̀ pé a kó bàbá ńlá òun lọ. Ohun tí ó wá gbọ́ ni bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ta ni ó ṣe é, àti ìlú wo.

Èyí ni ó mú wa dé orí àbùkù kẹta, ó sì kan àwa ará Àjàṣẹ́ gan-an. Bí ọkọ̀ bá wà ní etí òkun, ojú àlejò yóò máa wo òkun, yóò sì rò pé láti inú òkun ni gbogbo ibi náà ti wá. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ni ó ni ọkọ̀, àwọn ni ó ni oko ìrèké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé etí omi ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ lórí ilẹ̀ kí káfíńtà tó rí i. Láti 1727 ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì ti gba Ouidah, ọba wọn sì jèrè nínú òwò náà. Ọ̀yọ́ pẹ̀lú tà. Ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, Àjàṣẹ́ tiwa yìí ni èbúté tí Ọ̀yọ́ fẹ́ràn jù láti ta àwọn ènìyàn rẹ̀, etí ọ̀sà wa sì mọ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni ogun ń kó wá síbi tí bàbá wọn ti ń mú ẹlòmíràn wá. Kò rọrùn láti kọ èyí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti gbé àṣà wa ga. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá sọ ọ́ yóò tún sọ wá di èrò tí ń wòran: a ó máa sunkún fún ohun tí a ṣe bí ẹni pé àjèjì nìkan ni ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ kan náà ní ohun mìíràn láti sọ fún ọkọ̀ Ouidah. Àwọn kan padà. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àwọn kan ni a lé jáde, àwọn kan ni ó fi owó ara wọn san owó ọkọ̀, wọ́n sì padà sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́, sí Àgọ́ọ̀wé, sí Èkó. A ń pè wọ́n ní Àgùdà. Àwọn ọmọ wọn wà láàrin wa. Orúkọ wọn wà lára ilé, ọwọ́ wọn sì hàn nínú ògiri àti fèrèsé ìlú wa. Ẹni tí ó bá dúró níwájú Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ yóò rí ilé ìjọsìn Mùsùlùmí tí a kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. A kò mọ ilé mìíràn tí ó sọ ìtàn àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ní gbangba tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó padà yìí wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò, lórí òkun kan náà tí a ti gbé wọn tàbí òbí wọn kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Bí ọkọ̀ Ouidah bá fi àlọ nìkan hàn, ìtàn náà kò tíì pé, ó sì ti gbàgbé ìlú wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé à ń béèrè ohun tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ pákó àti ìṣó. Yóò ní kí á jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ dé ná, kí owó kọ́kọ́ wọlé, kí á tó máa ṣe lámèyítọ́. A gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ibi ìrántí ni ó ti wó nítorí àìrówó. Ìdáhùn wa ni pé iye owó tí ohun tí à ń béèrè yóò gbà kò tó nǹkan. À ń béèrè pé kí ẹnu-ọ̀nà ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìtura, kí ilẹ̀ díẹ̀ sì wà láàrin wọn tí ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Kí orin má ṣe dé inú ihò ọkọ̀. Kí a fi pèpéle káfíńtà, ògiri rẹ̀ àti àwọ̀n rẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe rí, kí a sì ṣàlàyé pé a fi wọ́n kún ọkọ̀ ni, pé ènìyàn kan jókòó, ó wọn pákó, ó sì gé e. Kí àwọn afinimọ̀nà lè sọ ọ́ ní Fọ̀n, ní Yorùbá àti ní Gùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Faransé, nítorí èdè wọ̀nyẹn ni a fi sunkún nínú ọkọ̀. Kí a dárúkọ àwọn tí ó tà pẹ̀lú àwọn tí ó rà. Kí ilẹ̀kùn tí a ó gbà jáde nínú ọkọ̀ sì darí ènìyàn sí ìtàn àwọn Àgùdà, kí ó máà jẹ́ ilé ìtajà ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ancerville kọ́ wa pé ọkọ̀ lè wà láàyè kí òkun sì ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ Ouidah kò ní òkun tí ó fẹ́ sọdá. Àwọn tí ó bá wọ̀ ọ́ ni yóò máa rìn, ọ̀nà tí a bá sì là fún wọn nínú rẹ̀ ni wọn yóò tọ̀. Ẹgbẹ́ wa yóò kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ síbẹ̀, àwọn tí ń kàwé ní Yorùbá àti àwọn tí ń kàwé ní Faransé pọ̀. A ó ní kí olúkúlùkù wọn kọ ohun kan ṣoṣo wá sínú ìwé ìròyìn yìí: nígbà tí o wà nínú ọkọ̀ náà, irú ènìyàn wo ni ó sọ ọ́ dà?